Agongointo: Ilé Ìsádi Tó Wà Nínú Ilẹ̀ Pupa Bohicon

Bohicon, tó wà ní ẹkùn Zou ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ ìlú ọjà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àwọn Faransé sọ di ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn ará Tchetti, Savalou àti Bantè, tó wà ní àríwá rẹ̀, sábà máa ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cotonou. Lábẹ́ ilẹ̀ àdúgbò kan nínú ìlú yìí, tí wọ́n ń pè ní Agongointo-Zoungoudo, ni àwọn yàrá kan wà tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa, tí wọ́n jìn tó nǹkan bíi mítà 10, tí iye wọn sì ju 50 lọ. Àgbègbè náà ti di ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ kí àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ lè máa ṣe ìwádìí níbẹ̀, kí ará ìlú àti àlejò sì lè máa wò ó. Ohun tí ibẹ̀ ń fi hàn ni pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó gbé láàrin Zou àti òkè Atakpamé ní Togo wá ibi ìsádi nínú ohun tí ilẹ̀ tirẹ̀ fi ta á lọ́rẹ: ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, ará òkè sì gun orí àpáta.

Ìlú abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan

Káàkiri ayé, ọ̀nà méjì ni àdúgbò àtijọ́ máa ń gbà wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ kí Agongointo tó lè yé ni dáadáa. Ọ̀nà kìíní ni ti àdúgbò tó ti wà lójú ilẹ̀ rí, tí àwọn tó dé lẹ́yìn sì kọ́lé bò ó mọ́lẹ̀. Irú èyí ni Mary King's Close ní Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tílándì, níbi tí wọ́n ti gé òkè àwọn ilé tó wà létí òpópónà tóóró kan kúrò láàrin 1753 sí 1761, tí wọ́n fi ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà ṣe ìpìlẹ̀ fún ilé ńlá àwọn oníṣòwò, tí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn títí wọ́n fi ṣí wọn fún àlejò ní 2003. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí ń rìn ní òpópónà tí oòrùn ti ń ràn sí nígbà kan.

Ọ̀nà kejì ni ti ibùgbé tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ sínú ilẹ̀ láti ìpìlẹ̀, tí oòrùn kò sì ràn sí rí. Èyí tó lókìkí jù nínú irú wọn ni Derinkuyu ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta rírọ̀ tí òkè oníná tú jáde ní ayé àtijọ́, tó ní àjà lórí àjà, tó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 85. Ní 1963 ni ẹnì kan tó ń tún ilé rẹ̀ ṣe ṣàdédé ṣí ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀. Inú oríṣi kejì yìí ni Agongointo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí Derinkuyu gidigidi, tó sì jẹ́ pé inú erùpẹ̀ lásán ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kì í ṣe inú òkúta.

Bí ó ṣe hàn síta

Gẹ́gẹ́ bí ti Derinkuyu, èèṣì ló mú Agongointo hàn. Ní 1998, nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú ọ̀nà kan ní Bohicon pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Dẹ́ńmáàkì, ẹ̀rọ katapílà tó ń ha ilẹ̀ tú ẹnu ihò kan síta. Kì í ṣe pé àwọn àgbà agbègbè náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ihò wà nínú ilẹ̀ wọn, nítorí pé èdè Fọ̀n ti ní orúkọ fún un, ìyẹn ahwando, tó túmọ̀ sí ihò ogun. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé àwọn onímọ̀ wá rí i pé ihò náà pọ̀, pé wọ́n sún mọ́ra, àti pé wọ́n ní ìlànà kan náà tí wọ́n fi gbẹ́ wọn, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ àwùjọ kan ni, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Klavs Randsborg ti Yunifásítì Copenhagen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí náà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, òun àti Inga Merkyte sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 2009 lórí ìwádìí tí wọ́n ṣe nípa àwọn ìjọba àtijọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé irú ihò bẹ́ẹ̀ kò mọ sí Agongointo nìkan, nítorí pé wọ́n wà káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga Abomey, ìyẹn ilẹ̀ títẹ́jú tó ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, tí Abomey àti Bohicon jọ dúró lé lórí.

Bí ihò náà ṣe rí

Ìrísí yàrá kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ há, tí ikùn rẹ̀ sì gbòòrò. Ẹnu ihò kò ju ibi tí àgbàlagbà kan lè gbà wọlé lọ, láti ibẹ̀ ni ojú ihò ti lọ tààrà sísàlẹ̀ fún mítà mélòó kan, kí ó tó wá ṣí sí yàrá tí àjà rẹ̀ tẹ̀ bí ìdajì igbá. Ní àwọn mìíràn, yàrá kan ṣí sí òmíràn, àwọn tó ń mú àlejò káàkiri sì máa ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n gbà pé àwọn ará ìgbàanì ń jókòó sí, ibi tí wọ́n ń sùn sí, ibi tí wọ́n ti ń dáná, àti ibi tí wọ́n ti ń rí omi.

Ẹnu tóóró yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, nítorí pé ohun mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rọrùn láti fi ewé, ẹ̀ka igi tàbí ẹní bò ó, tí ọ̀tá yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì fura. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ọ̀tá bá tilẹ̀ rí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó di ohun ìjà mú sì ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òjò tó lè gba ẹnu kékeré wọlé kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ tó yí ẹnu náà ká kò tètè ya lulẹ̀, torí pé ilẹ̀ tó nípọn ló gbé e dúró.

Erùpẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe. Ilẹ̀ pupa tí àwọn onímọ̀ Faransé ń pè ní terre de barre, tó bo àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga gúúsù Bẹ̀nẹ̀ àti gúúsù Togo, jẹ́ àdàlù yanrìn àti amọ̀ tó jìn gan-an, tí òkúta kì í sì í dí ọkọ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Yanrìn inú rẹ̀ jẹ́ kí ó rọrùn láti gbẹ́ nígbà tó bá rọ̀, amọ̀ inú rẹ̀ sì mú un le nígbà tó bá gbẹ, débi pé ògiri tí a gé tààrà lè dúró fún ọ̀rúndún mélòó kan láìní òpó tàbí bíríkì tó gbé e ró. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin àwọn ọba Abomey, tí UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ sára ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1985, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì gbẹ́ yàrà ńlá tó yí ìlú Abomey ká sí. Kò ní ṣe kàyéfì bí a bá rí i pé ẹ̀yà tó mọwọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ́ ilé sínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ

Ìtàn ìbílẹ̀ Bohicon so iṣẹ́ náà mọ́ Dakodonou, ọ̀kan lára àwọn ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó dá ìjọba Dàhómì sílẹ̀, tó jọba ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tó sì fi Houawé, tó wà nítòsí Bohicon, ṣe ibùjókòó. Nígbà náà, ìjọba rẹ̀ ṣì kéré, kò sì tíì gba gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ìyẹn àwọn Gédévi, tí àwọn òpìtàn kan so mọ́ ẹ̀yà Yorùbá. Ìtàn náà sọ pé àwọn jagunjagun máa ń fara pamọ́ sínú àwọn ihò yìí bí ọ̀tá bá ń bọ̀, pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀tá kọjá sínú abúlé tó dà bíi pé ó ti ṣófo, kí wọ́n tó jáde láti ẹ̀yìn lọ kọlù ú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé ogun yóò dé lọ́jọ́ kan ló ń fara balẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ní mítà 10.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e mú kí ìtàn náà rọrùn láti gbà gbọ́. Ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé, tí agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu Dàhómì láti àwọn ọdún 1720, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Abomey sì jẹ́ ilẹ̀ tí ẹṣin lè sá dáadáa, tí kò sí òkè tàbí odò ńlá tó lè dá a dúró. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọba Agaja ti Dàhómì máa ń fi ìlú sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, tí yóò sì kó sínú igbó títí ebi àti òjò yóò fi lé wọn padà sílé. Ní 1730 ni Dàhómì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1820, ní ayé Ọba Gezo. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò sí àpáta tí ènìyàn lè gùn, yàtọ̀ sí igbó, ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún ẹni tó fẹ́ sá pamọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ihò tó wà lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ló yẹ kí a sáré pè ní ti ogun. Omi ṣọ̀wọ́n ní Abomey láti ìgbà pípẹ́, nítorí pé omi inú ilẹ̀ jìn, odò kò sì sún mọ́ ìlú, èyí ló mú kí àwọn kan lára àwọn onímọ̀ máa rò ó pé ó lè jẹ́ omi òjò ni wọ́n ń tọ́jú sínú àwọn kan nínú àwọn yàrá wọ̀nyí. Èrò méjèèjì kò lòdì síra wọn, torí pé ẹni tó ń sá fún ogun nílò omi pẹ̀lú ibi ìsádi, ihò tí bàbá gbẹ́ nítorí ogun sì lè di ibi ìtọ́jú nǹkan fún ọmọ nígbà tí àlàáfíà bá dé.

Àwọn tó fi òkè ṣe odi

Bí Dàhómì ṣe ń lágbára sí i ni ipò ọ̀rọ̀ yí padà, tí ẹni tó ti ń sá fún ogun tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí àwọn mìíràn ń sá fún. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Dàhómì gòkè wá sí àríwá léraléra láti kó ẹrú, tí wọ́n sì da ilẹ̀ àwọn Máhì, Ìdáàṣà, Ìṣà àti Ifẹ̀ láàmú. Àwọn Ifẹ̀ tí à ń sọ yìí ni ẹ̀yà Yorùbá tó wà ní Tchetti àti àyíká rẹ̀, tí ìbátan wọn sì pọ̀ ní Atakpamé àti àwọn ìlú mìíràn ní ìlà-oòrùn Togo. Àwọn Ìṣà ni wọ́n wà ní Bantè, àwọn Máhì ló sì pọ̀ jù ní Savalou.

Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti Bohicon. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, erùpẹ̀ tó bò ó kò sì nípọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀ yóò kan òkúta kí ó tó jìnnà. Òkè pọ̀ gan-an níbẹ̀, kódà òun ni wọ́n fi sọ ẹkùn tí Savalou àti Bantè wà lórúkọ ní èdè Faransé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Zou ní 1999. Nítorí náà, ibi gíga ni àwọn ará agbègbè yìí sá sí. Àwọn Ìdáàṣà kó sáàrin òkè tí wọ́n ń pè ní 41, àwọn Ṣábẹ wà lẹ́bàá àpáta ńlá tó ṣì jẹ́ àmì ìlú wọn títí dòní, òkè Atakpamé sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi àpáta Olúmọ ṣe ibi ààbò láti 1830, tí wọ́n sì lé ogun Dàhómì padà ní 1851 àti 1864. Kétu, tó wà lórí ilẹ̀ tí kò ní irú àpáta bẹ́ẹ̀, tó gbẹ́kẹ̀ lé yàrà àti ẹnubodè rẹ̀, ni ogun Ọba Glèlè ti Dàhómì fọ́ ní 1886.

Bí a bá fi ìsádi méjèèjì wéra, a ó rí i pé ẹnìkan kò gbọ́n ju ẹnìkejì lọ. Ìsádi inú ilẹ̀ ṣeé fi pamọ́, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àti ilé, ṣùgbọ́n kò gba ènìyàn púpọ̀, ọ̀tá tó bá sì mọ ibi tó wà lè fi èéfín lé àwọn tó wà nínú rẹ̀ síta. Ìsádi orí òkè kò ṣeé fi pamọ́ rárá, ṣùgbọ́n ó gba odidi ìlú, ẹni tó wà lókè ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òkúta tó bá sì yí sílẹ̀ di ohun ìjà; omi àti oúnjẹ nìkan ni ìṣòro ibẹ̀ bí ọ̀tá bá pinnu láti dó tì í.

Bí àlejò ṣe lè débẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti Tchetti yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dé Savalou, yóò ti ibẹ̀ lọ sí Dassa-Zoumé, níbi tí yóò ti bọ́ sí títì ńlá tó ti àríwá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cotonou, títì yìí ni yóò sì gbé e dé Bohicon. Láti àárín ìlú, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan mọ ọ̀nà ọgbà Agongointo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ló dára jù láti lọ, nítorí pé ní ìgbà òjò, ilẹ̀ pupa náà máa ń yọ̀, ọ̀rinrin inú yàrá sì máa ń pọ̀. Fọ̀n àti Faransé ni èdè tí àwọn afinimọ̀nà sábà máa ń lò, nítorí náà àwọn àgbà tí kò gbọ́ méjèèjì yóò jàǹfààní púpọ̀ sí i bí ọ̀dọ́ tó lè túmọ̀ bá bá wọn lọ.

Kì í ṣe gbogbo yàrá ni àlejò lè wọ̀. Àtẹ̀gùn wà fún ìwọ̀nba tí a ti tún ṣe, ṣùgbọ́n etí ihò ni wọ́n ti ń wo àwọn yòókù. Ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọ ihò tí a kò tún ṣe kì í ṣe àsọdùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ burúkú tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ lè kó jọ sí ìsàlẹ̀ ihò jíjìn; ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́kànga fi máa ń sọ àtùpà títàn kalẹ̀ sínú kànga kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, tí wọn kì í sì í wọ̀ ọ́ bí àtùpà náà bá kú. Ẹni tó bá ti dé Bohicon lè fi ààfin Abomey, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 9 lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kún ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ṣí fún àlejò, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe lè máa lọ níbẹ̀.

Ohun tó lè ba ibẹ̀ jẹ́, àti ohun tí ó kan ará Tchetti

Ohun tó pa Agongointo mọ́ náà ló lè pa á run. Ilẹ̀ pupa tó le bí ògiri nígbà tó bá gbẹ máa ń padà di ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá jẹ ẹ́, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ibẹ̀ ni láti ṣe òrùlé sórí ẹnu ihò, kí wọ́n sì la ojú àgbàrá tí yóò darí omi òjò gba ibòmíràn. Gbòǹgbò igi ńlá a máa la àjà yàrá, ọwọ́ àlejò a máa ha ògiri títí àmì irinṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ yóò fi parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn máa ń fẹ́ kọ orúkọ wọn sí i. Èyí tó burú jù ni pé ìlú ń gbòòrò: gbogbo ìpìlẹ̀ ilé, kànga àti ṣáláńgá tí wọ́n bá gbẹ́ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lè já sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà sínú àwòrán ilẹ̀, kí onílé sì fi pàǹtí dí i kí ó má bàa pàdánù owó rẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin kan ní 2007 láti dáàbò bo ohun àjogúnbá, ó sì ṣe òmíràn ní 2021, ṣùgbọ́n òfin kì í gbé inú oko, kì í sì í wa katapílà. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣí ni yóò pinnu bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò dí i, bí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní 1998 bá sì ti kó erùpẹ̀ dí ihò náà tí wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ, kò sí ọgbà tí à bá máa lọ wò lónìí.

Ẹ̀kọ́ tó kan Tchetti, Savalou àti Bantè tààrà nìyẹn. Ibi ìsádi tiwọn kò farapamọ́ sínú ilẹ̀, nítorí náà kò sí katapílà tí yóò ṣàwárí rẹ̀ fún wọn. Ìta gbangba ló wà, lórí òkè tí gbogbo ènìyàn ń rí, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé olókùúta, àpáàdì ìkòkò àti ojú ọlọ ti lè wà káàkiri láìsí ẹni tó kà wọ́n sí. Àwọn tó ń fọ́ òkúta fún iṣẹ́ ilé lè kó gbogbo rẹ̀ lọ láàrin ọdún mélòó kan. Baálẹ̀ àti olùkọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba: kí wọ́n bá àwọn àgbà tó mọ orúkọ òkè àti ìdílé tó gbé orí rẹ̀ gun òkè náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀ láì gbé e kúrò, kí wọ́n sì fi tó ilé ìjọba ìbílẹ̀ létí kí ẹnikẹ́ni tó gba àṣẹ láti fọ́ òkúta níbẹ̀.